Ẹ Tọ́jú Awọ Ìdí Èékánná Yín



Ẹ wo ọwọ́ yín. Ṣé ẹ rí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ìdí èékánná? Aṣọ́nà ni. Òun ni kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí àti kòkòrò àìsàn wọ inú ìka.

Kí ló ń bà á jẹ́? Omi ni, ọṣẹ ni, ọyẹ́ ni. Ẹni tó ń fọṣọ, tó ń fọ ẹ̀gẹ́ fún gàrí láti àárọ̀ dalẹ́, awọ yìí á gbẹ, á sì là.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Bí ẹ bá ṣíwọ́ iṣẹ́, ẹ ṣan ọṣẹ kúrò, ẹ nu ọwọ́ gbẹ. Lálẹ́, ẹ ki ìka bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi òrí pa ìdí èékánná kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí òrí, òróró àgbọn dára.

Ẹ má fi abẹ gé awọ náà, ẹ má fi eyín fà á ya. Èyí tó bá ti ṣí, ẹ fi àlùmọ́gàjí tó mọ́ gé ṣóńṣó rẹ̀ nìkan.

Bí ìka bá wú, tó pọ́n, tó ń ro yín tí ẹ kò rí oorun sùn, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi í falẹ̀ rárá.

Ọwọ́ la fi ń ṣiṣẹ́, òun náà la fi ń jẹun. Ẹ tọ́jú rẹ̀.