Kí A Tó Ra Aṣọ Ẹbí: Ẹ̀yin Ará Karaworo, Ẹ Mọ Jínótáìpù Yín

Àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti ń mú àfẹ́sọ́nà wálé. Kí a tó sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: kí ni jínótáìpù yín?

Ọ̀rọ̀ náà ò le. Ọmọ máa ń gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, á gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Ẹni tó gba A àti S ni AS. Ara rẹ̀ le, àfi tó bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó mọ̀. Ẹni tó gba S méjì ni SS, àrùn fòníkú-fọ̀lá-dìde nìyẹn.

Ẹ wo bó ṣe ń rí:

- AA fẹ́ AS: AA tàbí AS ni ọmọ, kò sí SS.
- AA fẹ́ SS: AS ni gbogbo ọmọ.
- AS fẹ́ AS: nínú ìpín 4, 1 jẹ́ AA, 2 jẹ́ AS, 1 jẹ́ SS.
- AS fẹ́ SS: ìdajì AS, ìdajì SS.

Àwọn kan á ní, "Tá a bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ló máa ní in." Rárá o! Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀. Wọ́n lè bí mẹ́rin kí SS má sí níbẹ̀, wọ́n sì lè bí méjì kí méjèèjì jẹ́ SS.

Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í béèrè ni C. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, ó sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ẹ̀yà ìlà oòrùn Odò Ọya. Bí AC bá fẹ́ AS, ìpín 1 nínú 4 ni pé kí ọmọ jẹ́ SC. SC náà ń fa ìrora egungun, ó sì lè ba ojú jẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé, "Èmi kì í ṣe AS, kò kàn mí."

Àyẹ̀wò kíákíá kan wà tó ń wá S nìkan, kì í fi C hàn. Ẹ ní kí wọ́n ṣe electrophoresis fún yín, kí ẹ sì tún un ṣe níbòmíràn. Ẹ má dúró dìgbà tí ìwé ìpè bá ti jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ra yín ńkọ́? Ẹ tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Ọmọ SS tí dókítà bá tètè ń tọ́jú lè dàgbà, kó ṣiṣẹ́, kó sì di òbí.