Ìwé Ìròyìn àti Ìjà Àwọn Obìnrin Ẹ̀gbá

Bí obìnrin bá kóra jọ jà fún ẹ̀tọ́ ní àwùjọ tó gbà pé ọkùnrin ló ni ọ̀rọ̀ ìlú, ariwo wọn ni ìwé ìròyìn sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ohun tí wọ́n ń bèèrè a wá gbẹ̀yìn. Àṣà iṣẹ́ náà ló fà á: akọ̀ròyìn á ti dé ààfin, àgọ́ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì ìjọba kó tó rántí ìyálọ́jà.

Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1945, àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lọ́jà Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí fẹjọ́ sùn, wọn ò rí ìdáhùn. Wọ́n bá ránṣẹ́ pe akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Service. Ìròyìn jáde, gbígba ìrẹsì sì dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹjọ 1947, Ransome-Kuti fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker ní Lọ́ńdọ̀nù pé ìjọba òyìnbó ló rẹ obìnrin sílẹ̀. Awuyewuye ńlá ló dá sílẹ̀ nílé.

Owó orí ló wá di ìjà gan-an. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn. Ọmọbìnrin ọdún 15 ń san án, ọmọkùnrin á pé 16 kó tó san án. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 jókòó ti ààfin ọba Ẹ̀gbá, Aláké Adémọ́lá Kejì, mọ́jú nítorí owó orí náà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní 1949, Aláké kúrò lórí oyè. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró.

Ìwé ìròyìn West African Pilot sọ Ransome-Kuti ní Abo Kìnnìún Lísàbí, lórúkọ akọni Ẹ̀gbá. Oríkì náà dùn, ó sì tọ́ sí i, àmọ́ ó bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyálọ́jà mọ́lẹ̀. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé mọ̀ ọ́n sí ìyá Fẹlá olórin àti obìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò. Wọn ò gbọ́ ti owó orí rí.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 2020. Ẹgbẹ́ obìnrin Feminist Coalition kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 náírà jọ fún EndSARS, ìwọ́de tó tako ìwà ipá ọlọ́pàá, fún oúnjẹ, ìtọ́jú àti lọ́yà. Síbẹ̀, àwòrán ajàfẹ́tọ̀ọ́ Aisha Yesufu nínú híjáàbù, tó na ọwọ́ sókè, ló gba ojú ìwé káàkiri.

Ẹni tó bá ń ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tàbí l'Ékòó, kó wo ìpínrọ̀ tí ohùn àwọn obìnrin náà ti kọ́kọ́ jáde.