ÌDÁMỌ̀ ẸNJÌNNÌ KÉKERÉ ONÍSÍLÍŃDÀ MÉJÌ: ÀPẸẸRẸ M2B15

1.0 Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ ẹni tí ó ń wá orúkọ fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ mu. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti ṣàlàyé irú ẹ̀rí tí a lè fi dá ẹ́ńjìnnì kékeré onísílíńdà méjì mọ̀, nígbà tí orúkọ tí ó wà lára ọkọ̀ kò bá jẹ́ orúkọ ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Èrò wa ni pé ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó, àti pé ohun tí ó ti wà nínú irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ wúwo ju ohun tí a kàn dè mọ́ ọn lọ. Àpẹẹrẹ tí a óò lò ni M2B15, ẹ́ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ BMW ṣe jáde ní ìlú Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1920.

2.0 Ìtàn ẹ́ńjìnnì náà

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àdéhùn Versailles ti ọdún 1919 ka ṣíṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú léèwọ̀ fún ilẹ̀ Jámánì. Iṣẹ́ yìí gan-an ni BMW ń ṣe. Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá iṣẹ́ mìíràn, bíi búrẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ ojú irin àti ẹ́ńjìnnì kéékèèké. Martin Stolle, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, ní alùpùpù Douglas, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sílíńdà méjèèjì tí ó wà nínú Douglas dùbúlẹ̀, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí ara wọn: ọ̀kan dojú kọ iwájú ọkọ̀, èkejì dojú kọ ẹ̀yìn. Ìlànà yìí ni Stolle tẹ̀ lé nígbà tí ó ń ṣètò M2B15.

BMW kò fi ẹ́ńjìnnì yìí sínú alùpùpù tirẹ̀. Ńṣe ni ó ń tà á fún àwọn ẹlòmíràn. Victoria, ní ìlú Nuremberg, fi í sínú alùpùpù KR I. Bayerische Flugzeugwerke fi í sínú Helios.

3.0 Àwọn ẹ̀rí

3.1 Orúkọ ara táǹkì

Láti inú ìtàn òkè yìí, ó hàn pé ẹni tí ó bá ka "Victoria" lára táǹkì epo kò tíì mọ ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Stolle fi BMW sílẹ̀, ó sì ṣètò ẹ́ńjìnnì mìíràn fún Victoria, èyí tí ilé-iṣẹ́ Sedlbauer ṣe fún KR II ti ọdún 1923. Táǹkì kan náà, ọwọ́ kan náà ni ó ṣètò wọn, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ṣe wọ́n.

3.2 Ìwọ̀n

Ohun méjì ni a óò wọ̀n: ìbú ihò sílíńdà, àti gígùn ìrìn písítìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. A óò sọ ìbú di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, a óò sọ èsì di púpọ̀ pẹ̀lú ìrìn, lẹ́yìn náà pẹ̀lú 0.7854, a óò wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nítorí pé sílíńdà méjì ni. Douglas kékeré tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 60.8, tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ 60, yóò fún wa ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 348. M2B15, tí ìbú àti ìrìn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 68 kọ̀ọ̀kan, yóò fún wa ní 494.

Kí a ṣàkíyèsí pé ìrìn ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju ìbú lọ. Bí sílíńdà bá jẹ, àwọn mẹkáníìkì a máa gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kiráǹkì ni ó pinnu ìrìn, ìgbẹ́ kò sì kàn án.

Síbẹ̀, ìwọ̀n nìkan kò tó. M2B33, ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú alùpùpù BMW R32 tí Max Friz ṣètò ní ọdún 1923, jẹ́ 68 sí 68 bákan náà.

3.3 Fáàfù àti ìdúró

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti lójú. Nínú M2B15, fáàfù wà ní ẹ̀gbẹ́ sílíńdà. Nínú ti Sedlbauer, orí sílíńdà ni wọ́n wà. Èyí ya KR I sọ́tọ̀ kúrò lára KR II. Ní ti R32, ẹ̀gbẹ́ ni fáàfù rẹ̀ náà wà, ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí M2B15 wà ní òòró ọkọ̀, afẹ́fẹ́ kì í tó sílíńdà ẹ̀yìn, a sì máa gbóná jù. Friz yí ẹ́ńjìnnì sí ìbú ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí méjèèjì. Ó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi ọ̀pá irin gbé agbára lọ sí táyà. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ rí ẹ́ńjìnnì lásán láìsí ọkọ̀, kí a wo ara rẹ̀ bóyá wọ́n ṣe ojú ibi tí a óò de gíábọ́ọ̀sì mọ́.

3.4 Ohun tí a dè mọ́ ọn

Mágínẹ́tò àti kàbúrétọ̀ ṣeé pààrọ̀. Ọdún 1927 ni ilé-iṣẹ́ Amal bẹ̀rẹ̀. Bí a bá bá kàbúrétọ̀ Amal lára M2B15, ohun tí ó fi yé wa ni pé a tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Kò sọ ọjọ́ tí a ṣe é.

4.0 Ìgúnlẹ̀

Ìtò ẹ̀rí tí a fara mọ́ nìyí: fáàfù àti ìdúró ṣáájú, ìrìn písítìn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìbú; orúkọ táǹkì àti ohun tí a dè mọ́ ọn ni ó kẹ́yìn. Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe ti onímẹkáníìkì nìkan, ẹni tí kò ní fẹ́ ra orí sílíńdà KR II fún KR I. Ó kan òpìtàn pẹ̀lú. Bí a bá gba orúkọ táǹkì gbọ́, ẹ́ńjìnnì alùpùpù tí BMW kọ́kọ́ ṣe yóò di ti ẹlòmíràn, R32 yóò sì dà bí ọmọ tí kò ní òbí, bẹ́ẹ̀ sì ni òbí rẹ̀ wà ní Munich, tí baba ńlá rẹ̀ sì wà ní Bristol.