Àwọn ilé Àgùdà l'Ékòó: òótọ́ àbí irọ́?

Wọ́n ní òyìnbó ló kọ́ àwọn ilé aláràbarà ayé àtijọ́ tó wà ní Pópó Àgùdà, ní erékùṣù Èkó. Irọ́ ni. Lóòótọ́, òyìnbó ló ń ṣèjọba nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn Àgùdà ló kọ́ ilé wọn fúnra wọn: àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn, àtàwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ni ọ̀pọ̀ wọn mú bọ̀ wálé.

Ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins. Ẹni tó bá rí òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe sí iwájú rẹ̀, àti fèrèsé tí orí wọn tẹ̀ bí ọrun, lè búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni tẹ́lẹ̀. Mi ò bá a wí, àmọ́ irọ́ gbuu ni. Mọ́ṣáláṣí ni láti ìpìlẹ̀. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ló kọ́ ọ, Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Irú ọnà tí àwọn Àgùdà ń ṣe sára ṣọ́ọ̀ṣì wọn náà ni wọ́n ṣe sí i.

Ṣé sọ́tánì Tọ́kì ló sanwó rẹ̀? Rárá o. Mohammed Shitta, oníṣòwò ńlá tí wọ́n bí ní Sàró, ló ná owó ara rẹ̀. Oyè Bey ni Sọ́tánì Abdul Hamid II fi ta á lọ́rẹ. Abdullah Quilliam, aṣojú Sọ́tánì, ló gbé oyè náà wá láti Liverpool nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà lóṣù keje ọdún 1894, Gómìnà Carter sì wà níbẹ̀.

Pé João Esan da Rocha, Àgùdà tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ń ta omi kànga nílé rẹ̀ ní Kakawa? Òótọ́ ni. Omi ẹ̀rọ Ìjù ò tíì dé Èkó nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ilé náà ní Water House.

Wọ́n tún ní ilé tí ìjọba bá ti kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni, kò sẹ́ni tó lè wó o. Ìbá dáa ká ní òótọ́ ni! Ọdún 1956 ni wọ́n ti kéde Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan ní gbàgede Tinúbú, bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan lóṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Láti 2013 ni mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey náà ti wà lára àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ẹ tètè lọ wò ó, kẹ́ ẹ sì mú àwọn ọmọ yín dání.