Ọjọ́ Tí Wọ́n Ta Iwobi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: tí ọjà agbábọ́ọ̀lù bá ti ṣí, fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ní Arsenal ni ìyálé òun nínú ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lọ́dún 2019, ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ni ọjà yóò tì, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Inú mi ń dùn. Wọ́n ti fi mílíọ̀nù 72 pọ́n-ùn ra Nicolas Pépé. Tierney àti David Luiz náà wọlé lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó ń wọlé ni mò ń kà, mi ò wo àwọn tó ń jáde. Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé wọ́n ti ta Alex Iwobi fún Everton, ọmọ tó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti kékeré!

Ọmọ mi ọkùnrin wọ jẹ́sì nọ́ńbà 17 rẹ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Dádì, kí ló ṣe fún wọn?" Mo ní kò ṣe nǹkan kan, owó ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò rọrùn láti sọ fọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, ọmọ ọdún 18 kan gbá góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ fún Arsenal wọlé ní Frankfurt. Wọn ò rà á. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù dàgbà. Ọmọ mi fò sókè: "Saka!" Mo ní, "Bùkáyọ̀ ni. Ó ń bù kún ayọ̀." Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọmọ mi ti ga jù mí lọ báyìí. Tí ọjà bá ti fẹ́ tì, èmi á máa wá ẹni tó ń bọ̀. Òun á ní, "Dádì, ta ló ń lọ?"