Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́yìn Tí Nǹkan Oṣù Ti Dúró: Ẹ Má Fi Pamọ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ abẹ́ ni. A mọ̀ pé obìnrin kì í fẹ́ sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ìtìjú yìí ti ń pọ̀ jù, ó sì lè gba ẹ̀mí ẹni.

Láàrin ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù máa ń dúró fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí obìnrin bá lo oṣù 12 gbáko tí kò rí i, tí kì í ṣe oyún, tí kì í ṣe oògùn, a jẹ́ pé ó ti dúró nìyẹn. Kì í ṣe àìsàn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn ló lọ sílẹ̀ lára. Èròjà yìí ló ń mú kí awọ ojú ara nípọn. Bó bá ti dín kù, ojú ara á gbẹ, á sì fẹ́lẹ́.

Ta ló ń gbé ojú ara?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ògì, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé yín. Bí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, kí ló ń mú un kan? Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ni. Wọ́n ń jẹ ṣúgà inú àgbàdo, wọ́n ń sọ ọ́ di omi kíkan, kíkan yẹn ni kì í sì í jẹ́ kí ògì tètè bàjẹ́. Ìbátan àwọn kòkòrò wọ̀nyí ló ń gbé ojú ara ọ̀pọ̀ obìnrin. Lactobacillus ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Láti ọdún 1892 ni dókítà ará Jámánì kan, Albert Döderlein, ti kọ̀wé nípa wọn. Wọ́n ń jẹ ṣúgà tó wà nínú awọ ojú ara, wọ́n sì ń mú kí ibẹ̀ kan díẹ̀. Ọ̀pọ̀ kòkòrò burúkú kì í sì í fẹ́ ibi tó bá kan.

Nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró, ṣúgà yẹn á dín kù. Ebi á pa kòkòrò rere, àyè á wá ṣí sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Ó wà lára ìdí tí ìtọ̀ fi ń ta àwọn ìyá àgbà kan lemọ́lemọ́.

Ẹ gbọ́ o, a ò ní kí ẹ lọ máa fi omi ògì fọ abẹ́! Inú ojú ara ń fọ ara rẹ̀. Ọṣẹ, áláọ̀mù, káńfọ̀, omi àgbo, oògùn apakòkòrò, ẹ má ṣe tì wọ́n bọ inú. Kòkòrò rere ni wọ́n máa ń bá pa níbẹ̀. Omi lásán ní ìta ti tó.

Jẹjẹrẹ ńkọ́?

Ilé-ọmọ ní awọ kan nínú, bí ìgbà tí a tẹ́ ẹní sínú yàrá. Awọ yìí ló ń wó jáde lóṣooṣù nígbà tí a ṣì ń rí nǹkan oṣù. Jẹjẹrẹ lè mú un. Ó yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò Pap fún, nítorí náà, ẹni tí Pap rẹ̀ dára kò gbọdọ̀ ní òun ti bọ́. Ewu rẹ̀ pọ̀ sí i fún ẹni tó sanra jọjọ, torí ọ̀rá ara náà ń ṣe ẹ́sítírójìn, èyí tó ń mú kí awọ yẹn máa nípọn. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin 31. Wọ́n rí i pé kòkòrò kan tó ń jẹ́ Atopobium àti òmíràn tó ń jẹ́ Porphyromonas máa ń wà lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ yìí, pàápàá níbi tí ojú ara kò ti kan mọ́. Èyí kò túmọ̀ sí pé kòkòrò ló fà á. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ló pèsè àyè fún kòkòrò. Wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ta oògùn kòkòrò jẹjẹrẹ fún yín nínú bọ́ọ̀sì o.

Àmì tó ṣe pàtàkì jù

Ẹ̀jẹ̀ ni. Nínú obìnrin 10 tó ní jẹjẹrẹ yìí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, nǹkan bí 9 ló rí ẹ̀jẹ̀. Kò dìgbà tó bá pọ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀kán kan lára pátá, ó lè jẹ́ omi tó pọ́n díẹ̀. Àwọn kan á máa yọ̀ pé, "Ọmọdé ti padà sí mi lára." Rárá o! Nǹkan oṣù tó ti dúró fún ọdún kan, tí ẹ̀jẹ̀ wá yọ, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ má sì jáyà. Nínú obìnrin 100 tó bá rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 9 ló máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ fún. Ojú ara tó fẹ́lẹ́ lè fà á, ẹran kékeré tó hù sínú ilé-ọmọ náà lè fà á. Ṣùgbọ́n a ò lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́. Ẹ lọ rí dókítà àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó. Wọ́n á ṣe sikáànì, wọ́n sì lè mú díẹ̀ nínú awọ ilé-ọmọ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí sikáànì bá ní kò sí nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú awọ náà yẹ̀ wò. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2024 fi hàn pé sikáànì nìkan lè fo jẹjẹrẹ yìí dá lára àwa obìnrin dúdú.

Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n sábà máa ń yọ ilé-ọmọ kúrò ni. Ní Amẹ́ríkà, nínú obìnrin 100 tí wọ́n rí tiwọn nígbà tí kò tíì jáde kúrò nínú ilé-ọmọ, nǹkan bí 95 ló ń yè kọjá ọdún 5. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí sí etí ìyá tí kò lè kàwé ní ìsọ̀ kejì yín. Bí ẹ bá ti ìsọ̀ fún ọjọ́ kan, ọjà ò ní sá lọ. Alààyè ló ń nájà. A ó tà, a ó jèrè o.