Ìtàkùn Inú Pálọ̀

Ìtàkùn kan ti di ará ilé ní ọ̀pọ̀ pálọ̀ àti ọ́fíìsì wa. Ewé rẹ̀ fẹ̀ nídìí, ó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, ó tutù minimini, àwọ̀ ìyeyè sì ta sí i lára. Money plant ni àwọn tó ń ta òdòdó ń pè é; Epipremnum aureum ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko. Erékùṣù Mo'orea, nínú Òkun Pàsífíìkì, ni orírun rẹ̀. Nínú igbó, a máa gun igi dé nǹkan bíi mítà 20, ewé rẹ̀ lókè á sì tóbi gbàràmù-gbaramu, á ya létí.

Ẹni tó bá fẹ́ kó yè nínú ilé, kó rántí igbó yẹn. Abẹ́ igi ló ti ń dàgbà, níbi tí oòrùn kì í ti í pa á tààrà. Nítorí náà, ẹ gbé e sítòsí fèrèsé tí kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn jù, àwọ̀ ìyeyè náà á pòórá.

Omi àpọ̀jù ló ń pa á jù. Gbòǹgbò náà ń mí. Bí ilẹ̀ bá rin gbindin lójoojúmọ́, kò ní rí afẹ́fẹ́, á jẹrà, ewé á sì pọ́n. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ inú ìkòkò. Bí òkè rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi yóò fi jò nísàlẹ̀. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa nu eruku ojú ewé kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè bà á.

Ẹ wo oríkèé kọ̀ọ̀kan tí ewé ti yọ: kókó kékeré kan wà níbẹ̀, ó pọ́n bí obì. Gbòǹgbò tó ń bọ̀ nìyẹn. Ìtàkùn yìí kì í sábà tanná. Ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé ara rẹ̀ kò pèsè gibberellin, èròjà tó ń mú ewéko tanná, tó bó ṣe yẹ. Nítorí náà, gígé ni a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ gé e nísàlẹ̀ oríkèé, kí ẹ ki oríkèé náà bọ omi inú ìgò; láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbòǹgbò á yọ. Ewé tí kò ní oríkèé kò lè di ìtàkùn tuntun. Bí ẹ bá sì ri òpó tí wọ́n fi èèpo àgbọn wé sínú ìkòkò, á gùn ún, ewé rẹ̀ á sì máa tóbi sí i.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé oje rẹ̀ ní calcium oxalate, tó ń ta ẹnu, tó sì ń mú un wú. Ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní tó o, tí ológbò àti ajá kò sì ní lè jẹ ẹ́.